Kí Ló Dé Tí Babaláwo Fi Ń Dífá Lọ́rọọrún?

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ìgbà tí nǹkan bá yí lójijì la máa ń pa òwe yìí, ibi tó ti sọ pé ọ̀la kì í rí bí òní la sì máa ń tẹnu mọ́. Ìyókù rẹ̀ ni ọkàn mi wà lára rẹ̀. Òwe náà kò sọ pé kí babaláwo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ jáde ní gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Ó dá ọjọ́ sí i: ọrọọrún. Láàárín ọjọ́ Awo kan sí òmíràn, babaláwo ń roko, ó ń jẹun, ó ń sùn.

Ọ̀sẹ̀ ayé àtijọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ọ̀rúnmìlà, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Àwọn baba wa a máa ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ iye, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ Awo tó ń bọ̀ fi ń jẹ́ ọjọ́ karùn-ún lójú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ọrọọrún. Àgbẹ̀ tó ní iṣu láti tà lè má mọ iye tí iṣu ń lọ lónìí, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tí òun yóò mọ̀ ọ́n. Kéèyàn má mọ nǹkan yàtọ̀ pátápátá sí kéèyàn má mọ ọjọ́ tí òun yóò mọ̀ ọ́n. Èkejì ló ń gba oorun lójú ẹni.

Èmi kì í ṣe babaláwo. Olùkọ́ ni mí n'Ìbàdàn, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọdún 2023 ló jẹ́ kí òwe yìí yé mi.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa kéde pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, pé ti àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023. Nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Ọjọ́ kẹwàá dé, ó kọjá, owó tuntun kò kárí, àwọn èèyàn kò sì gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ ara wọn mọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún. Láàárín àsìkò yẹn, mo tò sórí ìlà níwájú ẹ̀rọ ATM láti aago márùn-ún ìdájí, mo fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS, mo sì rí ìyá aláta kan tó ń gbé ata fún ẹni tí kò mọ̀ rí ní àwìn nítorí pé ata náà ti ń rà lọ. Tí ọkọ̀ Mícrà bá dúró níwájú wa ní ibùdókọ̀, a kì í kọ́kọ́ bi dẹ́rẹ́bà níbi tó ń lọ. Owó wo ló ń gbà la máa ń bi í.

Àárẹ̀ ìyẹn kò tíì kúrò lára wa tí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún fi dé. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ará ìlú sọ lọ́jọ́ ìbúra wọn pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, àwọn ilé epo NNPC ti gbé iye tuntun kọ́. Lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti lé ní ₦500 l'Ábújá, nígbà tó sì fi di ọjọ́ 18 oṣù keje, ó ti di ₦617. Owó ọkọ̀ yí. Owó ata yí, nítorí pé ọkọ̀ ló ń gbé ata. Owó búrẹ́dì yí, owó omi inú ọ̀rá yí. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là, gbogbo ohun tó bá sì gba orí òkun wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Èmi, fóònù kò kúrò lọ́wọ́ mi mọ́. Tí mo bá jí lóru, màá wò ó. Tí mo bá parí kíláàsì kan, màá wò ó. Babaláwo tó ń dífá ní wákàtí-wákàtí ni mo dà, kò sì sí ọjọ́ kan tí ohun tí mo rí níbẹ̀ sọ fún mi bí mo ṣe máa ṣe é.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n jí, wọ́n bá mi ní pálọ̀ tí iná fóònù ń tàn sí mi lójú. Wọ́n ní, "Ṣé bí o ṣe ń wò ó yẹn ló ń wálẹ̀?" Mo ní kò wálẹ̀. Wọ́n ní, "Dá ọjọ́ fún un nígbà náà. Ohun téèyàn ò bá dá ọjọ́ fún, gbogbo ọjọ́ ló máa gbà."

Wọn kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹnu lásán gbani níyànjú. Ọjà Orítamẹ́rin ni wọ́n ti ń ta èlùbọ́ kí àwọn oníṣòwò oúnjẹ tó kó lọ sí Bódìjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì wà nígbà tí ìyípadà méjì tó le wọlé tẹ̀ léra wọn. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí í ṣe ọjọ́ Àjíǹde, gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, pọ́n-ùn àti ṣílè lọ, náírà àti kọ́bọ̀ dé. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ owó tuntun náà. Wọ́n ní àwọn kò kọ́ ọ, aṣọ àtijọ́ ni àwọn wọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n ńlá ni, ẹnu wa ló sì wà títí dòní. Pọ́n-ùn kan di ₦2. Nítorí náà, ṣílè kan, tó jẹ́ ìdá kan nínú ogún pọ́n-ùn, bọ́ sí kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Sísì, ìdajì ṣílè, bọ́ sí kọ́bọ̀ márùn-ún. Kò sí ìyá ọlọ́jà tó jókòó ka kọ́bọ̀. Ẹyọ kọ́bọ̀ márùn-ún tuntun tí ìjọba rọ, sísì ni wọ́n pè é. Ti kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ṣílè ni. Ojú owó yí, orúkọ kò yí, ọmọ tí wọ́n bá sì rán ní sísì iyọ̀ mọ ohun tí yóò mú bọ̀.

Àpò ló wú mi lórí jù. Láyé pọ́n-ùn, £100 ni àpò kan. Nígbà tí pọ́n-ùn lọ, àpò kò bá a lọ, ó di ₦200, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ dé Bódìjà lónìí, ẹ tẹ́tí sí àwọn ìyá tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà: àpò márùn-ún ni ₦1,000. Ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà níbẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀, kò rí pọ́n-ùn rí láyé rẹ̀. Orúkọ náà ti gbé e kọjá odò tí kò mọ̀ pé ó wà.

Mo wá ń lo ọgbọ́n yìí. Nígbà tí gáàsì ń wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo fi iye tí kílò kan ń lọ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìkòkò ẹ̀wà tí sílíńdà kan máa sè. Ìkòkò ẹ̀wà mọ́ mi lára, mo mọ bí mo ṣe máa fi ọjọ́ méjì lé e, mo mọ̀ pé tí mo bá rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, ìdáná á dín kù. Nígbà tí mo kà á báyìí tán, mo mọ ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe sí i.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan kí n tó kúrò lórí ọdún 1973. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ ìyípadà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1971 ni ìjọba ti kéde pé náírà ń bọ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ti ṣe kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó, ni a gbà pé ó fún un lórúkọ. Àwọn ará ọjà ní ọdún kan àti oṣù bíi mélòó kan láti fi ahọ́n wọn tọ́ ọ wò. Ní 2022 sí 2023, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fún wa láti pààrọ̀ owó, wọ́n fún wa ní ọjọ́ méjì láti gba iye epo tuntun. Ìyípadà tí wọ́n bá dá ọjọ́ fún, èèyàn á gbé e. Èyí tó bá já lu èèyàn lójijì ló ń dá a lẹ́yìn, ẹ̀bi ẹni tó jù ú sílẹ̀ ni, kì í ṣe ti ẹni tó já lù.

Mo gba ọ̀rọ̀ ìyá mi. Ìwé kan wà tí ọmọ mi obìnrin kò kọ tán nígbà tí sáà parí, a fi ṣe ìwé ilé. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì la yàn, lẹ́yìn oúnjẹ, èmi, bàbá àwọn ọmọ, ìyá mi, àkọ́bí wa ọkùnrin àti àbíkẹ́yìn wa obìnrin. Ojú ìwé kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo fa ìlà sí i láàárín: apá òsì fún ohun tó yí, apá ọ̀tún fún ohun tí kò yí. Ohun tí ọwọ́ wa ti san tàbí tí ojú wa ti rí nìkan la ń kọ. Wọ́n-ní-wọ́n-pé kò wọ ibẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní wọ́n ní owó iná máa lọ sókè, a ó ní ó dáa, tó bá ti lọ, a ó kọ ọ́. Òfin yìí ló kọ́kọ́ dá oorun padà fún mi, nítorí pé nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé ìdajì ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú fóònù kò dé ilé wa rárá.

Apá ọ̀tún ló ṣòro. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹni tó rí nǹkan kan sọ. Bàbá àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ lanu, wọ́n ní, "Omi kànga wa." Ọmọ mi obìnrin ní ọ̀rẹ́ òun tó ń dúró de òun lójú títì láràárọ̀. Ìyá mi wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní, "Ó ṣì ń gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì." Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dán ọ̀nà yìí wò nínú ilé yín, ẹ má fo apá yìí. Ẹni tó bá ń kọ ohun tó yí nìkan á rò pé ilé ti wó, nígbà tó jẹ́ pé páànù kan péré ni afẹ́fẹ́ ká.

Lẹ́yìn náà ni a ó wá ṣe ìpinnu kan. Ẹyọ kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Àṣìṣe tí mo ṣe ní oṣù àkọ́kọ́ ló kọ́ wa ní èyí: mo yí nǹkan márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pa fíríìsà, mo ní kí a máa fi ẹsẹ̀ rìn láti oríta, mo dín wákàtí jẹnẹrétọ̀ kù, mo gbé èédú wọ ilé, mo sì yọ ìrẹsì ọjọ́ Sọ́ńdè. Mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n gbà. Ní Sọ́ńdè kejì tí wọ́n rí ẹ̀bà lórí tábìlì, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó jẹun yó. Ìyá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Èèkàn lo fà tu yẹn. Ẹran tó so mọ́ ọn ti ń lọ." Mo dá ìrẹsì padà, mo bu ẹran rẹ̀ kéré. Láti ọjọ́ náà, kí a tó yọ nǹkan kan kúrò nínú ilé, a máa ń bi ara wa bóyá èèkàn ni àbí koríko.

Ìpinnu tó ṣe wá ní oore jù ni ti ìrẹsì alájọrà. Ìdílé mẹ́ta ní àdúgbò wa la ń dá owó jọ ra àpò ìrẹsì kan, a ó sì pín in lójú ara wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé kóńgò ju kóńgò lọ. Òmíràn wà tí wọ́n ti lù nídìí, tí ohun tó ń gbà kò tó ti ẹlòmíràn. A yan kóńgò kan ṣoṣo, ilé ẹni tó dàgbà jù nínú wa ló ń gbé, òun nìkan la sì fi ń wọn. Ìyẹn náà wà ní apá ọ̀tún ìwé wa: kóńgò Ìyá Àgbà.

Àwọn ìyípadà míì kò gba kí a rò wọ́n púpọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná àwọn tó wà ní ìpele Band A, àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, fò láti ₦68 sí ₦225 fún wákàtí kílówáàtì kan, a kó gbogbo aṣọ lílọ̀ sí ọjọ́ kan, ó parí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, òfin dá orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kọ láti 1960 sí 1978 padà. Níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlà àpéjọ òwúrọ̀, àwa olùkọ́ ń wo ìwé ká tó lè kọ ọ́. Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Wọ́n dìde dúró, wọ́n kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ọmọdé. Àbíkẹ́yìn wa kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn ní alẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ibi tó mọ, mi ò sì ní fi pamọ́. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ ₦30,000, ó lè ra epo bẹntiróòlù tó lé ní 150 lítà. Nígbà tí epo di ₦617, ₦30,000 kan náà kò ra ju 48 lítà lọ. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n gbé owó oṣù náà dé ₦70,000. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, lítà kan di ₦1,030 ní ilé epo NNPC l'Ábújá, ₦70,000 sì di bí 68 lítà. Ìwé ilé kò lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ kí ọkàn balẹ̀ tó láti ríran, ó lè dá ìjà dúró láàárín tọkọtaya, ó lè jẹ́ kí owó díẹ̀ ná dáadáa. Kò lè sọ owó tí kò tó di owó tó tó. Nígbà tí ẹni tó ń gba owó púpọ̀ bá ń sọ fún ẹni tí kò rí jẹ pé kó fara dà á, kí ó má mú ọgbọ́n àwọn ìyá wa bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ìyípadà tó dùn mí jù kò ní iye lára. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àkọ́bí wa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kàwé sí i. Inú wa dùn, a ṣàdúrà, a sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú. Oṣù mẹ́ta gbáko lẹ́yìn rẹ̀, mo ṣì ń wọn ife ìrẹsì tirẹ̀ mọ́ ti wa. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Ọwọ́ mi ló ń ṣe é. Ìyókù máa ń wà nísàlẹ̀ ìkòkò, ìyá mi á bù ú fún ọmọ aládùúgbò láìsọ nǹkan kan fún mi. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo ṣí ìwé, mo bá ohun tí àbíkẹ́yìn wa ti kọ sí apá òsì kí n tó dé: "Bùọ̀dá mi kò sí nílé." A wò ó. A kò ṣe ìpinnu kankan ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo wọn ife mẹ́rin.

Alẹ́ Sọ́ńdè ló máa ń pè wá, aago mẹ́jọ. Ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí, a dúró de ìpè rẹ̀ títí ìyá mi fi lọ sùn, lẹ́yìn wákàtí kan ni fóònù dún. Kò pẹ́ pè lójú tirẹ̀, aago mẹ́jọ ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sún aago síwájú wákàtí kan ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n á dá a padà ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Nígbà ooru wọn, aago wa ṣe déédéé ara wọn. Nígbà òtútù wọn, tiwa á fi wákàtí kan ṣíwájú. Tiwa kì í yí ní Nàìjíríà. A jọ sọ ọ́, a sì kọ ọ́ sí apá ọ̀tún: Sọ́ńdè, aago mẹ́jọ alẹ́, aago Ìbàdàn. Tí òtútù bá dé lọ́dọ̀ tirẹ̀, aago méje ló máa ń pè, Màámi á sì wà lójúfò láti gbé e.